Ta Ni Sáfà Rẹ Ń Dúró Dè?

Àbúrò mi, bí o bá ń kọ ètò tó ń gba owó lórí fóònù fún àwọn oníṣòwò Atakpamé nílẹ̀ Tógò, mo mọ ohun tó ń gba oorun lójú rẹ. Ní ọjọ́ lásán, gbogbo nǹkan ń lọ geerege. Ọjọ́ ọjà dé, gbogbo ènìyàn tẹ fóònù pa pọ̀, sáfà bá dákẹ́ bí ẹni tó fọmi sẹ́nu. O sáré wo CPU, kò ṣe iṣẹ́ kan tó le. O wo mẹ́mórì, àyè ṣì wà. Sáfà náà kò kú, kò sì ṣàìsàn. Ó ń dúró de ẹlòmíràn ni.

Sún mọ́ mi dáadáa. Àwọn ọgbọ́n tí mo fẹ́ fi sí ọ létí yìí kò gba owó rárá. Bí o bá lò wọ́n, sáfà kékeré tí o ń yá lóṣooṣù á ṣe iṣẹ́ tí àwọn mìíràn ń tìtorí rẹ̀ yá ńlá.

Kọ́kọ́ mọ ibi tí àkókò ń lọ. O mọ Kamina, níbi tí àwókù ilé rédíò àwọn ará Jámánì wà lẹ́bàá ìlú wa. Ilé iṣẹ́ Telefunken bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní 1911, kí wọ́n lè máa bá Nauen nítòsí Berlin sọ̀rọ̀ láti ibí, ọ̀nà tó ju 5,000 kìlómítà lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ń bọ̀, àwọn ará Jámánì fúnra wọn ló bà á jẹ́. Ìgbì rédíò wọn kì í pẹ́ lọ́nà. Kò tó 20 mílísẹ́kọ́ǹdì tó fi ń dé Nauen. Ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ, tó ń dúró de èsì, òun ni àkókò ń jẹ.

Tìrẹ náà nìyẹn. Inú okùn gíláàsì tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá fún wa, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí sáfà rẹ tó wà ní Tógò bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Jámánì, lílọ àti bíbọ̀ nìkan kò lè dín sí 50 mílísẹ́kọ́ǹdì, kódà bí ẹni ọ̀hún bá dáhùn lójú ẹsẹ̀. Kí èsì yẹn tó dé, CPU tó ń sáré ní 3 GHz á ti lù nígbà mílíọ̀nù 150. Ìgbà mílíọ̀nù 150, àbúrò mi! Kí ni sáfà rẹ ń ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn?

Lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo, o máa rí ìdáhùn mẹ́ta. Obìnrin àkọ́kọ́ gbé abọ́ rẹ̀ sórí ìlà, ó dúró tì í, kò kúrò títí wọ́n fi lọ̀ ọ́ tán. Èkejì gbé tirẹ̀ kalẹ̀, ó lọ ra iyọ̀, ó padà wá wò, ó lọ ra epo, ó tún padà wá wò, títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Ẹ̀kẹta sọ fún ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ pé, “Bó bá ti kàn mí, pè mí,” ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ti àkọ́kọ́ ni ìwé ń pè ní blocking. Èmi á máa pè é ní ọ̀nà ìdúró. Thread rẹ sọ pé òun fẹ́ ka ohun tó wà lórí ìsopọ̀ kan, kernel rí i pé nǹkan kò tíì dé, ó sì mú thread náà sùn títí yóò fi dé. Ti èkejì ni kí o fi àmì O_NONBLOCK sára ìsopọ̀ náà. Bí nǹkan kò bá tíì dé, kernel á dá ọ lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé EAGAIN, ìyẹn ni pé kò tíì sí, padà wá. Bí o bá kàn ń padà wá ṣáá, CPU á gbóná lásán. Ti ẹ̀kẹta ni epoll lórí Linux àti kqueue tó dé inú FreeBSD ní ọdún 2000. O fún kernel ní orúkọ gbogbo ìsopọ̀ rẹ, òun ló máa pè ọ́ nígbà tí ọ̀kan bá ní nǹkan lọ́wọ́. Select tó ti wà láti 1983 ń ṣe irú iṣẹ́ yìí náà, àmọ́ kì í sábà lè ṣọ́ ju ìsopọ̀ 1,024 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ tún gbogbo wọn kà ní ìgbà gbogbo.

Ní báyìí, jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún ọ. Pẹ̀lú gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa lórí ọ̀nà àìdúró, ìyẹn ti èkejì àti ti ẹ̀kẹta, ọ̀nà ìdúró ni mo ṣì fẹ́ràn jù. Kóòdù rẹ̀ ṣeé kà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí lẹ́tà. Bí ó bá bàjẹ́, ìlà tó ti bàjẹ́ á yọjú sí ọ kedere. Ọmọ tuntun tí o bá gbà síṣẹ́ lónìí á lóye rẹ̀ lọ́la. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì ọ́ nítorí pé o ń lo thread kan fún oníbàárà kan.

Ṣe ìṣirò rẹ kí o tó bẹ̀rù. Tomcat, tí ọ̀pọ̀ ètò Java ń gbé inú rẹ̀, máa ń fún ọ ní thread 200 bí o kò bá fọwọ́ kàn án. Bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bá gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá, 200 yẹn lè dá 400 ènìyàn lóhùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti àdúgbò Djama dé Gnagna dé Woudou, dárúkọ ìsọ̀ kan fún mi tó ń ta ọjà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ láti ibí.

Àmọ́ gbé ìṣirò yẹn dání, nítorí òun náà ló máa fi ibi tí ọ̀fìn wà hàn ọ́. Ká ní ilé iṣẹ́ tó ń bá ọ gba owó bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ra, èsì tó ń dé ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá wá di 20. Pín 200 sí 20, ó ku 10. Sáfà tó ń dá 400 lóhùn ti di ti ẹni mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ o kò yí ohunkóhun padà nínú kóòdù rẹ. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé kì í ṣe àwọn tó fẹ́ sanwó nìkan ló máa jìyà. Ẹni tó kàn fẹ́ wo iye tí wọ́n ń ta àpò ṣúgà, òun náà kò ní rí thread tó máa dá a lóhùn, nítorí pé gbogbo wọn ti sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, fi òpin sí gbogbo ìdúró. Mo sọ gbogbo! Àkójọ kóòdù requests ti Python kò ní timeout kankan àfi bí o bá fún un. HttpURLConnection ti Java náà, òdo ló wà níbẹ̀ láti ilẹ̀, òdo yẹn sì túmọ̀ sí pé kó dúró títí ayé. Fi àkókò kan sí dídá ìsopọ̀, fi òmíràn sí kíka èsì, kí o sì jẹ́ kí ti ìsopọ̀ kúrú. Má sì fọkàn sí i pé bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe yá lọ́jọ́ tí o dán an wò ni yóò máa yá lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìràkòrò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Tógò ní okùn Equiano tó gúnlẹ̀ sí Lomé ní 2022, ìyẹn sì ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ ilé iṣẹ́ tí ètò rẹ ń bá sọ̀rọ̀ lè wà ní orílẹ̀-èdè tí kò ní in.

Ọ̀rọ̀ owó wá ní ẹ̀gún tirẹ̀, jọ̀wọ́ fara balẹ̀ síbí. Bí àkókò tí o dá bá pé tí Flooz tàbí Mixx by Yas, èyí tí à ń pè ní T-Money tẹ́lẹ̀, kò tíì dáhùn, kò túmọ̀ sí pé owó kò lọ. Ó lè ti lọ, kó jẹ́ pé èsì ló sọnù lọ́nà. Bí o bá tún un fi ránṣẹ́ láìronú, o ti gba owó màmá oníyán lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí bí o ṣe máa ṣàlàyé epoll fún un. Fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí o tó fi ránṣẹ́, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé “ó ń lọ lọ́wọ́,” lẹ́yìn náà béèrè ipò tí nọ́ńbà yẹn wà. Dá oníbàárà lóhùn pé o ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí thread rẹ lọ.

Ìkejì ìyẹn ni pé kí o pín thread rẹ. Bí o bá ní 200, ya 40 sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìsanwó, má sì jẹ́ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ owó bá lọ́ra, 40 yẹn á kún, ẹni kọkànlélógójì á sì gbọ́ pé “ẹ dákun, ẹ tún un gbìyànjú láìpẹ́.” Ìyẹn dára ju kí gbogbo ìsọ̀ tì lọ. Àwọn tó ń wo ọjà á máa wo ọjà wọn.

Wàyí o, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí. Ìsopọ̀ dátábéèsì rẹ kì í sábà tó thread 200 rẹ. HikariCP, tó ń bá ètò Java tọ́jú ìsopọ̀ dátábéèsì, ìsopọ̀ 10 ló máa ń fúnni bí o kò bá sọ iye mìíràn. PostgreSQL fúnra rẹ̀, 100 ni ó ń gbà láti ilẹ̀. Wá wo kóòdù tó wọ́pọ̀ jù: wọ́n ṣí transaction, wọ́n kọ ọjà tí oníbàárà rà sílẹ̀, wọ́n pe ilé iṣẹ́ owó, wọ́n dúró, èsì dé, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ti transaction náà. Ó rẹwà lójú. Àmọ́ ní gbogbo 20 ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n fi dúró, ìsopọ̀ dátábéèsì kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọn kò lò. Ẹni mẹ́wàá ṣe bẹ́ẹ̀, ó parí. Thread 190 tó kù kàn ń wojú ara wọn.

Gé e sí méjì, arábìnrin mi. Kọ ọjà sílẹ̀, ti transaction, dá ìsopọ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni kí o pe ilé iṣẹ́ owó, láìmú ohunkóhun dání. Bí èsì bá dé, gba ìsopọ̀ tuntun, kọ èsì, ti i. Bí ó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni mo lè tún ṣe nínú ètò ẹlòmíràn, èyí ni mo máa yàn, ṣáájú epoll, ṣáájú ohunkóhun tó ń dán lóde.

Má wá sọ pé o máa sọ thread di 10,000 kí wàhálà lè tán. Lórí Linux oníbíìtì 64, Java máa ń ya nǹkan bíi mẹ́gábáìtì kan sọ́tọ̀ fún stack thread kọ̀ọ̀kan. Lóòótọ́, kì í lò ó tán lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ 10,000 wọn ti di gígábáìtì 10 tí o ń ṣèlérí rẹ̀, kernel á sì máa sáré láti ọ̀kan sí òmíràn. Ìṣòro yìí ni Dan Kegel kọ nípa rẹ̀ ní 1999 tí ó pè ní C10K: báwo ni sáfà kan ṣe lè gba ìsopọ̀ 10,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Igor Sysoev, ará Rọ́ṣíà, dáhùn pẹ̀lú nginx, tí ó tú síta fún gbogbo ènìyàn ní 2004. Ọ̀nà àìdúró ni nginx ń lò látòkè délẹ̀.

Àṣírí mi tó dùn jù rèé: o kò ní láti kọ ọ̀nà àìdúró fúnra rẹ kí o tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Gbé nginx síwájú ètò rẹ. Ìwọ náà mọ bí òkè ṣe yí ìlú wa ká. Oníbàárà kan wà lẹ́yìn òkè, nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ń mí díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta wọlé, ó dúró, lẹ́tà méjì tún wọlé. Bí thread rẹ ló bá ń gba ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti di ẹrú rẹ̀. Ní 2009, ẹnì kan ṣe irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Slowloris, tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láti fi da sáfà ẹlòmíràn dúró. Àwọn oníbàárà wa kò mọ̀ọ́mọ̀, ohun kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Nginx á fara balẹ̀ gba ọ̀rọ̀ yẹn títí yóò fi pé, kó tó gbé odindi rẹ̀ fún ètò rẹ. Bí ètò rẹ bá dáhùn, á gba èsì lọ́wọ́ rẹ̀ kíá, á sì máa ta á fún fóònù náà bó bá ṣe lè gbà á. Thread rẹ ti lọ ṣe nǹkan mìíràn. Bí wọ́n ṣe ń fi nginx ránṣẹ́ sí ọ náà ló ṣe ń ṣe èyí, o kò ní láti yí nǹkan kan padà.

Ó níbi tí ọ̀nà àìdúró ti di dandan o. Bí o bá ń ṣe ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀, níbi tí gbogbo fóònù so mọ́ ọ tọ̀sán-tòru tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì sọ nǹkan, má lo thread kan fún ẹnì kan. Ní 2012, WhatsApp sọ pé sáfà òun kan ṣoṣo gba ju ìsopọ̀ mílíọ̀nù méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú Erlang lórí FreeBSD. Tàbí kó jẹ́ iṣẹ́ tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè. O rántí Novissi ní oṣù kẹrin 2020, tí ènìyàn ń tẹ *855# lórí fóònù oníbọ́tìnnì láti gba owó ìrànwọ́ nígbà kòrónà. 12,250 sẹ́fà lóṣù fún obìnrin, 10,500 fún ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ ni, tiwa ló pọ̀ jù! Bí o bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ nọ́ńbà kan pa pọ̀, tí USSD, irú nọ́ńbà bíi *855# yẹn, kò sì ní sùúrù, nígbà náà ni kí o wá jókòó ti epoll.

Ọjọ́ tí o bá bọ́ sínú rẹ̀, òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró lórí ìyípo (event loop), ìyẹn thread tó ń gbọ́ ìpè epoll tó sì ń dá gbogbo ìsopọ̀ lóhùn. Nínú Node.js, tí Ryan Dahl gbé jáde ní 2009, JavaScript rẹ ń ṣiṣẹ́ lórí thread kan ṣoṣo. Pe readFileSync lẹ́ẹ̀kan, gbogbo oníbàárà dúró dè ọ́. Ṣe ìṣirò tó gba ìṣẹ́jú-àáyá méjì, gbogbo wọn dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fún ọmọ tuntun. O_NONBLOCK kò ní agbára lórí fáìlì inú dísíìkì. Nítorí náà, lábẹ́ Node, libuv ń tọ́jú thread 4 pamọ́ tó ń bá a ka fáìlì lọ́nà ìdúró. Àwọn mẹ́rin yẹn náà ló ń bá ọ wá àdírẹ́ẹ̀sì orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ló sì ń ṣe iṣẹ́ pbkdf2 tí a fi ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí DNS bá lọ́ra lọ́jọ́ kan, àwọn orúkọ tó há á gba lára thread yẹn, kíka fáìlì rẹ sì lè lọ́ra. Fi UV_THREADPOOL_SIZE gbé e sókè bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ sí ọ.

Bí o bá fẹ́ adùn méjèèjì, wo Go, tàbí Java 21 tó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2023 pẹ̀lú virtual thread. O kọ kóòdù rẹ bí ẹni tó ń dúró, ní ìsàlẹ̀ wọ́n ń lo ọ̀nà àìdúró fún ọ. Goroutine kan ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kìlóbáìtì 2 péré. Nínú Java 21, ìdúró inú synchronized ṣì máa ń há thread gidi mọ́lẹ̀, Java 24 ló tún ìyẹn ṣe ní 2025. Irú ọ̀nà yìí ni mò ń lò ní báyìí, mo sì fẹ́ kí o gbìyànjú rẹ̀. Kìkì pé kí o rántí: ìsopọ̀ dátábéèsì 10 ṣì jẹ́ 10, kódà bí o bá ní virtual thread ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún tó ń dìde sí i.

Má gbà mí gbọ́ lásán, dán an wò nílé. Kọ sáfà kékeré kan tó ń ṣe bí ilé iṣẹ́ owó, kó máa sùn fún 20 ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dáhùn. Fi wrk tàbí ab ran ìbéèrè 300 sí ètò rẹ lẹ́ẹ̀kan, kí o sì fi fóònù rẹ wo ojú ìwé ọjà ní àkókò náà. Bí kò bá ṣí, lo jstack kí o rí ibi tí àwọn thread dúró sí. Bí igba thread bá to sí ojú ìlà kan náà nínú kóòdù, o ti rí ọ̀tá rẹ.

Ní alẹ́ òní, kí o tó sùn, ṣí ibi tí ètò rẹ ti ń pe ilé iṣẹ́ owó fóònù. Wò bóyá timeout wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, jọ̀wọ́, fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 síbẹ̀ lónìí, nítorí pé ọjọ́ ọjà kì í sún síwájú.